Alápatà Tó Ń Ṣọ́ Ìwé Awọ

Wọ́n ń pe Afeez ní Àlàájì ní Park Hill, bẹ́ẹ̀ kò dé Mẹ́kà rí. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, á dá a lóhùn, á sì fi kún un pé òun kò tíì dé Mẹ́kà o. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń sọ ọ́. Wọn kò yéé pè é, òun náà kò yéé sọ ọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni ẹnu rẹ̀ ń sọ. Kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀. Ìwà yìí dára fún alápatà. Kò dára fún síkíọ́rítì.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ìwé mẹ́rin péré ló kà tí bàbá rẹ̀ fi ní ó tó. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n mú un lọ fún alápatà kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, pé kó lọ kọ́ iṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù fẹ́ràn àtidúmbú ẹran, nítorí ẹni tó ń dúmbú ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Afeez fẹ́ràn àtibó awọ. Ó ní ìṣẹ́jú kan ni iṣẹ́ ẹni tó dúmbú ẹran, ẹni tó bó o ló mọ̀ ọ́n. Bí ó bá bó màlúù kan tán, á sọ fún ọ bí ó ṣe lo ayé rẹ̀: ibi tí eégbọn ti jẹ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi lélẹ̀ sùn, igi tó fi ń họ ara, ọdún tí koríko wọ́n. Àwọn tó ń ṣe pọ̀nmọ́ kì í ra awọ ẹlòmíràn bí tirẹ̀ bá wà nílẹ̀, nítorí ọ̀bẹ rẹ̀ kì í dá awọ lu. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ náà.

Kúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú òun àti Rashidat ìyàwó rẹ̀ wá sí Staten Island lókè òkun, níbi tí Park Hill wà. Rashidat ríṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Afeez wá ilé ìpẹran kiri. Èyí tó rí, ẹ̀rọ ló ń bó awọ níbẹ̀. Ó dúró wo ẹ̀rọ náà fún ìdajì wákàtí. Ó ní ó ń bọ́ ẹran láṣọ bí ẹni tí inú ń bí. Ó padà sílé, ó ní òun á ṣe síkíọ́rítì.

Ilé ìtajà bàtà kan ní Flatbush ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, kò sí wàhálà, títí di ọjọ́ tí oníbàárà kan gbé bàtà kan sókè tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Afeez sọ fún un láti ẹnu ọ̀nà pé rọ́bà ni, pé awọ tó wà lójú rẹ̀ kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Oníbàárà gbé bàtà sílẹ̀. Wọ́n gbé Afeez kúrò. Wọ́n fi í sí ilé àga. Níbẹ̀ ló ti sọ fún tọkọtaya kan pé ibi ìjókòó nìkan ló jẹ́ awọ lára àga tí wọ́n fẹ́ rà, pé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ara ẹran kankan.

Ọ̀gá tó ń pín wọn sẹ́nu iṣẹ́ ni Olúrótìmí. Ọmọ Iléṣà ni, kò ju ẹni ọdún mọ́kànlélógójì lọ, kò sì lè bá àgbà sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ tẹrí ba. Ó tẹrí ba, ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ojú ni wọ́n gbà yín fún. Ẹnu lẹ fi ń ṣiṣẹ́."

Afeez ní, "Ojú ló rí i."

"Kí ojú rí i, kó dákẹ́. Ibì kan ló kù tí mo lè fi yín sí, ibẹ̀ sì dára. Tí wọ́n bá tún lé yín níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹ ó kàn máa jókòó ti Màámi nílé ni."

Ibi tó ń wí ni ilé ìkàwé kékeré kan ní Manhattan, tí wọ́n ń kó àwọn ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pamọ́ sí. Wọ́n fún Afeez ní òfin mẹ́rin lórí pépà. Kúnmi kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni há súrà. Èkíní, síkíọ́rítì kò gbọdọ̀ bá àlejò sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú gíláàsì. Èkejì, kò gbọdọ̀ ré ilà pupa tó yí gíláàsì ká kọjá. Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ bírò nínú yàrá náà, pẹ́ńsù nìkan. Ẹ̀kẹrin, kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ gbọ́, ìjókòó. Láti ìgbà tó ti ń ṣe síkíọ́rítì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa fún un ní àga. Láràárọ̀ á wọ bọ́ọ̀sì láti Park Hill lọ sí etí omi, á wọ ọkọ̀ ojú omi, á wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, á sì dé ìdí àga rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó di aago mẹ́sàn-án. Yàrá náà móoru lẹ́ẹ̀rùn àti lótútù. Èèyàn tó ń wọlé lóòjọ́ kì í ju ogún lọ. Iwájú rẹ̀ gan-an, ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ni ìwé kékeré kan wà nínú gíláàsì, kò tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, wọ́n ṣí i sílẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ó fi fóònù pe Rashidat lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

"Ìyá Kúnmi, wọ́n ní pọ̀nmọ́ kan níbí tó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Wọn ò jẹ ẹ́. Ìwé ni wọ́n kọ sí i."

Rashidat bi í bóyá ó ti rọ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú ìwé náà ni Adédoyin. Wọ́n bí i ní Flatbush, ìyá àti bàbá rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, ó ti kàwé débi tí wọ́n ń pè é ní dókítà, bẹ́ẹ̀ kì í fún èèyàn lóògùn. Ìwé àtijọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́. Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," Afeez á sì ṣe àdúrà tó gùn ju ìkíni náà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ó pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ òun ni.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ iléèwé máa ń wá, Doyin á sì sọ ìtàn ìwé náà fún wọn. Afeez gbọ́ ìtàn yìí fún oṣù mọ́kànlá láìpa ọjọ́ kan jẹ. Ó lè sọ ọ́ lójú oorun.

Doyin máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì sí ìwé. Ó ní àwọn akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà ìwáṣẹ̀ kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìjòyè ni wọ́n ti ń kéwì, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti yó. Ìró kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìlà kan, kí ewì má baà sọnù lórí wọn. Ìgbà tó yá, àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin ìsìn tí kì í gbéyàwó, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sára awọ àgùntàn. Ní ọdún 1066, àwọn jagunjagun sọdá láti etíkun Faransé, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n pín ilẹ̀. Láti ìgbà náà, èdè Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin, Látìn ni wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gẹ̀ẹ́sì wá di èdè ẹ̀yìnkùlé, èdè àwọn tó ń fún wàrà, tó ń ro oko, tó ń pa ẹran.

Ibi tí ó bá ti dé ibẹ̀ yẹn ni Afeez máa ń tún ìjókòó ṣe. Doyin á wí fún àwọn ọmọ pé títí dòní, àgùntàn tó wà lórí pápá ń jẹ́ sheep, orúkọ tí darandaran sọ ọ́, àgùntàn tó wà nínú abọ́ sì ń jẹ́ mutton, orúkọ tí ará Faransé sọ ọ́. Kò ya Afeez lẹ́nu. Ní Bódìjà náà, ẹni tó ń pa á kọ́ ló ń jẹ ẹ̀dọ̀.

Lẹ́yìn náà, àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú, ó pa tó ìdá mẹ́ta èèyàn, àwọn mìíràn ní ó tó ìdajì. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ́kù kò pọ̀ mọ́, ohùn wọn wá níyì. Ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akéwì padà sí èdè ìyá wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ ìwé kékeré tó wà nínú gíláàsì yẹn, ewì nípa olùṣọ́-àgùntàn kan tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ààfin láti fẹjọ́ àwọn agbowó-orí sun ọba. Ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rìn. Ó dé iwájú ọba. Ó rojọ́. Ọba la ẹnu, ibẹ̀ sì ni ìwé náà parí, nítorí ewé ìkẹyìn ti sọnù. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, tí àgùntàn fi sinmi.

Afeez ń kó ìtàn yìí lọ sílé. Nígbà tí Rashidat bá ń ráhùn pé àwọn ọmọ Kúnmi kò gbọ́ Yorùbá, Afeez á ní kó fọkàn balẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ jókòó sí kíṣìnnì fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún kó tó padà sí pálọ̀. Rashidat ní òun kò ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

Ohun tó ń dun Afeez ni ẹnu ọba tó là tí kò pa dé. Oṣù mọ́kànlá ló fi jókòó ti ọba náà. Ó ti béèrè lọ́wọ́ Doyin lẹ́ẹ̀mẹ́rin bóyá kò sí ibì kankan tí wọ́n tún ti kọ èsì náà. Kò sí.

Ní oṣù kejìlá tó débẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Susan wá láti Tompkinsville pẹ̀lú férémù kan lábẹ́ apá. Ewé awọ kan ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú rí ewé náà lẹ́yìn dígí àtijọ́ kan, ó gbé e kọ́ sí ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń bá, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún márùndínláàádọ́ta. Doyin ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Ó sáré wá bá Afeez.

"Bàbá, ọba ti sọ̀rọ̀."

Ó ní ọba náà wí fún àwọn ìjòyè rẹ̀ pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n ní kí ọkùnrin náà máa lọ. Olùṣọ́-àgùntàn náà jókòó sílẹ̀ ti ọ̀pá rẹ̀, ó ní kò burú, òun á dúró títí ọba á fi kọ́ ọ. Afeez rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ará Ìsẹ́yìn ni ọkùnrin yẹn.

Susan kò fẹ́ nǹkan kan. Ó ní bí ewé náà bá jẹ́ ti ìwé yẹn, kó padà sílé, òun fi í tọrẹ. Bí kò bá jẹ́ tirẹ̀, òun ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun ní Kalifóníà ní Sátidé, òun á sì gbé e lọ fi kọ́ ògiri ibẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé ní àwọn kò lè kàn gba ewé tí kò ní ìdánilójú. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ David, tó mọ irú ìwé yìí ju gbogbo èèyàn lọ. Ohun tó bá sọ ni wọ́n máa ṣe.

Ó wá ní Ọjọ́bọ̀. Wọn kò gba àlejò wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nítorí pé wọn kì í gbé ìwé náà jáde nínú yàrá rẹ̀, wọ́n ṣí gíláàsì, wọ́n gbé tábìlì tì í. Susan jókòó sí igun kan, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Afeez wà lórí àga.

Ọ̀jọ̀gbọ́n David jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, irun rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ kò ga. Ó wo ìwé, ó wo ewé, ó lo wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ bí dókítà tó ń bá ará ilé aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní ó dùn òun, ṣùgbọ́n kò jọ pé ìwé kan náà ni. Ewé yìí pọ́n ju ìwé lọ. Ó kéré ju ìwé lọ. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó kọ ìwé náà kì í fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ìlà láé, àmọ́ nínú ewé yìí, ìlà mẹ́fà ló ní àlàfo, tó fẹ̀ tó ìbú ìka. Ó ní àlàfo wọ̀nyẹn ni ibi tí ẹni tó ń ké ewì ti máa ń mí. Akọ̀wé mìíràn ló kọ ọ́, fún àwọn akéwì.

Doyin jiyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fetí sí i dáadáa, ó sì mi orí.  Ojú Doyin wálẹ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú pẹ́ńsù, ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Afeez ti ń wo ewé náà láti orí àga. Iná tábìlì náà rẹlẹ̀, ó ń tàn gba ẹ̀gbẹ́ ewé kọjá, gbogbo ohun tó wà lójú awọ sì yọ síta. Ó rí àlàfo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọn kò tò lọ́nà tí èèyàn fi ń mí. Wọ́n gba igun kan lọ, láti ìsàlẹ̀ sókè, bí ẹni fa okùn.

Okùn yẹn, ó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló ti ń wò ó. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ nínú gíláàsì, níbi tí kò sí ìkọ̀wé, ilà kan wà tó ń dán, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ ibi tí wọ́n ti rán ìwé náà pọ̀. Àwọn tó mọ̀wé pè é ní ojú ìká. Àpá ni. Ẹ̀gún ya àgùntàn náà lára nígbà tó wà láàyè, ọgbẹ́ náà sì jiná kí wọ́n tó pa á. Awọ tí ọ̀bẹ ya lẹ́yìn ikú máa ń la ẹnu. Èyí tó ya nígbà ayé máa ń pa ẹnu dé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ bí yóò ti rí bí àgbà náà bá ń ṣe síkíọ́rítì fún ọjà. Afeez wo àga tí ó jókòó sí. Ó rántí Olúrótìmí. Ó rántí àwọn òfin. Ó wá yẹ òfin àkọ́kọ́ wò dáadáa: kò gbọdọ̀ bá àlejò sọ̀rọ̀. Doyin kì í ṣe àlejò. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. A kì í já àgbà nírọ́ lójú èèyàn, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí sì ti hewú. Bí ó bá sọ ọ́ fún Doyin ní Yorùbá, tí Doyin sì sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni, a kò sì ní lé ẹnikẹ́ni.

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba fún ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tẹ̀ síwájú kó lè rí àpá náà dáadáa. Orí rẹ̀ kọjá ilà pupa. Aago ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbogbo wọn yí sẹ́yìn. Doyin sáré lọ pa aago náà.

Afeez rọra sọ ọ́ sí i létí. "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Àlàfo yẹn kì í ṣe èémí. Àpá ni. Ẹ̀gún ló ya ẹran yẹn nígbà ayé rẹ̀, tàdáwà kì í sì í mú lójú àpá. Akọ̀wé fò ó ni. Awọ kan ṣoṣo ni wọ́n ká sí méjì, ó di ewé yìí àti èyí tó wà nínú ìwé."

Doyin tẹ́tí títí. Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ alápatà kò dé Flatbush. Ìdajì ló gbọ́, ìdajì náà kò sì so mọ́ra.

"Bàbá, ẹ má bínú, kò yé mi tó. Ẹ fi hàn mí."

 Afeez wá tú bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ká a sókè. Àpá ọ̀bẹ kan wà ní apá rẹ̀ òsì, gígùn rẹ̀ tó ìka mẹ́rin, ó ń dán, kò sí irun lórí rẹ̀. Ọdún kẹta tó ń kọ́ṣẹ́ ló rí i he. Ó yọ bírò tó fi ń buwọ́ lùwé láàárọ̀ kúrò nínú àpò àyà. Ó fa ilà kan gba apá rẹ̀ kọjá. Lára awọ tó dára, tàdáwà mú. Nígbà tó dé ojú àpá, ó yọ̀. Lẹ́yìn àpá, ó tún mú. Àlàfo kan wà láàárín, ó fẹ̀ tó ìbú ìka.

Ó na apá náà sí Doyin. Ó wá fi ìka hàn án, láìfọwọ́ kàn án, àpá tó wà nínú ìwé, ibi tó wọ inú ìránpọ̀, àti ibi tó tún ti jáde lára ewé Susan ní gíga kan náà. Ó fi ojú irun hàn án, pé ìhà kan náà ni irun àwọn méjèèjì kọ sí. Ó ní ẹni tó gbé e sínú férémù ló gé e kéré. Ó ní oòrùn ọdún márùndínláàádọ́ta ló sọ ọ́ di pípọ́n, pé ó máa sọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà di bẹ́ẹ̀.

Doyin sọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àyàfi ti ìkẹyìn. Kò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ o. Ó ń tọ́ka sí Afeez ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n David di ọwọ́ Afeez mú, ó wo ilà bírò náà. Ó mú gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, ó tẹ̀ ba orí ewé, ó tẹ̀ ba orí ìwé.  Afeez wo aago ọwọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn ọkùnrin náà, ó ń gòkè bọ̀.

Ó ní, "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ̀wé nípa ibi tí wọ́n ti ń mí. Ẹ̀gún ni."

Ó bi Afeez pé iléèwé wo ló lọ. Afeez ní Bódìjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó bá òun pe lẹ́tà rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìdí ìwé tó ń kọ. Susan béèrè pé ṣé ewé náà ń lọ sílé nìyẹn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ló tó bọ́ kóòtù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aago ti ké, kámẹ́rà sì ti rí gbogbo rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí Olúrótìmí fi dé. Ó tẹrí ba. Ó ka ẹ̀ṣẹ̀ náà láti inú fóònù rẹ̀: Bàbá kọjá ilà, wọ́n yọ bírò, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú gíláàsì. Ó ní mẹ́ta.

"Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," Afeez ní. "Doyin kì í ṣe àlejò. Àmọ́ mo kúrò lórí àga fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́ta náà ni."

Olúrótìmí ti fóònù bọ àpò. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń bá mi kà á." Ó ní òun ì bá bò ó, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun ti wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì. Afeez ní kò sí ohun tó fẹ́ bò. Ó fún un ní báàjì rẹ̀, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Doyin ń bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ lókè, ohùn rẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀. Afeez ti wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ó sọ fún Rashidat nílé bí ó ṣe rí gan-an. Rashidat ní ta ló rán an níṣẹ́. Ó tún ní kí ló wá dé tí ẹ̀rín fi wà lójú rẹ̀. Afeez ní ọba náà ti pa ẹnu dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nílé. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó gé ẹran fún gbogbo ilé tó wà ní àjà kejì, ó sì ń sọ fún wọn irú ẹran tí wọ́n rà, àwọn kan kò bá a yọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, lẹ́tà kan dé. Kúnmi kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìkàwé náà fúnra wọn ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ilé iṣẹ́ síkíọ́rítì. Wọ́n ní igba ó lé méjìlá ìwé awọ ló wà lábẹ́ ilé, tí kò sí ẹni tó tíì wo awọ wọn rí, ìkọ̀wé nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n fẹ́ kí ó wá ní Ọjọ́bọ̀ méjì-méjì lóṣù, kó máa sọ ohun tó bá rí fún Dókítà Adédoyin. Afeez ní kí Kúnmi tún ìlà kan kà. Ó kà á. Wọ́n ní kó máa sọ ohun tó bá rí.

Ìwé àkọ́kọ́ tí Doyin gbé síwájú rẹ̀ tóbi tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé àdúrà ni, mọ́ńkì mẹ́ta ló kọ ọ́. Afeez fọwọ́, ó gbẹ ọwọ́, ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Doyin mú pẹ́ńsù, ó ń dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, Afeez ní ẹran mẹ́tàdínlógójì ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn àgùntàn, àfi méjì tó jẹ́ ọmọ màlúù. Ó ní agbo ẹran kan náà ni wọ́n ti mú wọn, eégbọn kan náà ló jẹ wọ́n. Ó padà sí ewé kan láàárín, ó tẹ̀ ba orí rẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan lára èyí yi ju èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló lè fi lélẹ̀. Ó ní èyí yarọ.

Doyin kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá bi í pé, "Bàbá, kí ni yarọ?"

Afeez dìde kúrò nídìí tábìlì. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi èyí tó kù tiro láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀ bí ẹni ń jẹ koríko, ó sì tiro padà.